Lórí Òkè Ìdànrè Pẹ̀lú Fóònù Lápò

Ẹni tí kò bá tíì dé Òkè Ìdànrè rí lè rò pé òkè kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta ńláńlá ni, tí wọ́n dùbúlẹ̀ ti ara wọn bí agbo erin, láàrin wọn ni ìlú àtijọ́ sì wà, pẹ̀lú ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́. Ní ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gòkè ju 600 lọ. Iye tí ẹnìkan kà kì í bá ti ẹnìkejì mu, n kò sì bá wọn jà sí i, nítorí ẹni tí ń mí hẹlẹ kò lè ka nǹkan dájú.

Iṣẹ́ ìdí tábìlì ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ìsinmi kì í dùn mọ́ mi bí ẹsẹ̀ mi kò bá kan àpáta. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá pàdé níbẹ̀ a máa wí pé, “Bàbá, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níhìn-ín, fóònù yín kò lè mọ ibi tí ẹ wà.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹni tí ó ṣìnà sọ ìrètí nù nígbà tí ìrànlọ́wọ́ wà lápò rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù ń ṣe. Bí a bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ní láti kàn sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí àpáta bá dí i, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá ibi tí a dúró sí, gbígbọ́ nìkan ni ó ń gbọ́, bí ẹni tí ń gbọ́ rédíò kò ti ní láti dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà ni ó ń gbọ́, tí wọ́n ń yí ayé ká ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè wa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kéde aago rẹ̀ láìsinmi. Fóònù a wo bí ìkéde náà ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Bí ó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè ṣírò ibi tí a wà. Ìṣirò ẹlẹgẹ́ ni o! Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ tó 300 mítà.

Ohun tí ó ń sọnù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ni àwòrán ilẹ̀, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ti ń fà á wá. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù láti ilé kò ní ìṣòro. Kí ó sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ó fi GPS sílẹ̀, nítorí fóònù tí ń wá òpó tí kò rí a máa jẹ bátìrì bí iná ti ń jẹ koríko ọyẹ́. Bí ó bá fẹ́ pe ènìyàn, kí ó bọ́ sí gbangba kí ó tó tan án padà.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣì wí. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ lè máà ju mítà márùn-ún lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àpáta, ìkéde náà a kọ́kọ́ ta lu òkúta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà rẹ̀ a sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo ti jókòó jẹ́ẹ́ tí àmì mi ń fò láti orí àpáta kan sí èkejì. Ní ti gíga òkè, àṣìṣe rẹ̀ a tún pọ̀ sí i. Afinimọ̀nà ìlú náà, tí kò wo fóònù rárá, mọ ẹsẹ̀ àpáta tí omi òjò ń gbà.

Nítorí náà, kí n tó gòkè, mo máa ń sọ wákàtí tí mo fẹ́ padà fún àwọn tí ń gba owó ìwọlé, mo sì ń kọ nọ́ḿbà wọn sórí ìwé.