Ojú ló ń wò, ọpọlọ ló ń ríran

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá ń tẹjú mọ́ àgbà ni à ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kì í wo ẹnikẹ́ni lójú láti kékeré, ńṣe ni ẹbí ń yìn ín pé ó mọ ìwà hù. Ó ti pé ọdún 26 kí dókítà tó sọ fún wa pé ọ́tísìmù ni ó ń bá gbé. Àìsàn kọ́ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ní ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, a kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ jáde níbẹ̀ láìwádìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ. Ojú kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di ènìyàn, ilé tàbí lẹ́tà. Apá ìpàkọ́ ni ibùdó iṣẹ́ yìí wà, ó sì nà dé ẹ̀bátí. Ní 1983, Amitta Shah àti Uta Frith ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù mọ bí a ṣe ń rí àwòrán kékeré tó fara pamọ́ sínú àwòrán ńlá ju àwọn ọmọ mìíràn lọ. Ní 2011, Fabienne Samson, Laurent Mottron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó àbájáde ìwádìí 26 pọ̀, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń wo ojú, ohun èlò àti ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀. Àwọn 357 ní ọ́tísìmù, 370 kò ní in. Lára àwọn tó ní in, apá ìpàkọ́ àti ẹ̀bátí ṣiṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ; apá iwájú orí, tí a fi ń pète, tí a fi ń pinnu, kò ṣiṣẹ́ tó tiwọn.

Èyí tú àdììtú kan fún mi. Ọmọ yìí máa ń bá mi ka àpilẹ̀kọ mi kí n tó gbé e síta. Bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá sọnù nínú ojú ìwé mẹ́wàá, kíá ni yóò rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà ní ìnira tirẹ̀. Ọjà tí èrò kún, iná tó ń ṣẹ́jú, àti ojú ènìyàn tí kì í dúró jẹ́ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó sọ fún mi pé bí òun bá wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ọ́tísìmù ló rí bẹ́ẹ̀. Ìka ò dọ́gba.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ẹni tó gbé ojú kúrò lára yín lè jẹ́ ẹni tó ń tẹ́tí sí yín jù lọ. Ẹ jẹ́ kí ó fi ìwé dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dípò ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wá iṣẹ́.