Ẹlẹ́sẹ̀ Inú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú

Nígbà tí àwọn bàbá tó ti Bọ́mà dé ṣì pọ̀ ní Ìlọrin, ẹnikẹ́ni kì í wá ìtàn ogun kiri. Ẹni tó bá kírun Àsárì tán, tó jókòó díẹ̀ ní ọjà Ìpàtà kí àwọn alápatà tó palẹ̀ mọ́, ìtàn á bá a níbẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ìtàn ọ̀hún. Ní ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn ṣọ́jà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà nínú Dífíṣọ̀n 81 fọwọ́ la ọ̀nà tó tó máìlì 75 gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mọ́tò ò lè bá wọn dé mọ́, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sí wọn látòkè. Àwọn náà á ṣánlẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ọkọ̀ òfurufú Dakota lè balẹ̀ wá kó àwọn tó fara gbọgbẹ́. Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà tiẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sẹ́yìn àwọn ará Japan, pẹ̀lú ọmọ ogun Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ogun yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú nílò ẹlẹ́sẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1941, Jámánì gba pápá ọkọ̀ òfurufú Maleme ní erékùṣù Kírétè, kò sì pẹ́ tí gbogbo erékùṣù náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1942, Gẹ̀ẹ́sì dá RAF Regiment sílẹ̀, ṣọ́jà tó jẹ́ ti òfurufú ṣùgbọ́n tó ń jà lórí ilẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Ìlọrin, ìlú ológun ẹlẹ́ṣin, láti lóye. Ẹni tó sùn jìnnà sí ibùso ẹṣin rẹ̀ lóru ogun, ẹsẹ̀ ni yóò fi sá lówùúrọ̀. Jámánì náà ní tiwọn. Göring, ọ̀gá éà fọ́ọ̀sì wọn, kò fẹ́ yọ̀ǹda àwọn ọmọ rẹ̀ fún ológun ilẹ̀, ló bá sọ wọ́n di ẹlẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1942, láì kọ́ wọn ní ìjà ilẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Rọ́ṣíà fojú wọn rí nǹkan. (Jámánì ló sì wá bá wa dá éà fọ́ọ̀sì tiwa sílẹ̀ ní 1964. Kahtz, ọ̀gá àkọ́kọ́ tó darí rẹ̀, ọmọ Jámánì ni.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maleme fẹ́ jọ tiwa. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá 2013, Boko Haram wọ ibùdó éà fọ́ọ̀sì ní Maiduguri, wọ́n ba ọkọ̀ òfurufú jẹ́ lórí ìdúró. Láti ìgbà náà ni ẹlẹ́sẹ̀ éà fọ́ọ̀sì ti ń pọ̀ sí i. RAF Regiment wá kọ́ wọn níṣẹ́ ní Kàdúná, Bauchi sì di ibùjókòó àwọn àkànṣe ọmọ ogun wọn.

Ìlọrin náà ní ibùdó éà fọ́ọ̀sì. Bí ọmọ Ìpàtà bá wọ iṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ á máa sọ fún àwọn ẹlẹ́ran pé ọmọ òun ń wa ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ ọ̀hún á rẹ́rìn-ín, kò ní sọ pé ìbọn lòun ń gbé yí ọgbà ká lóru. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, orí fóònù ni ìtàn ogun rẹ̀ ń gbà wálé: "Ìyá mi, àlàáfíà la wà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa." Ó tán.

Àárò àwọn bàbá ìgbà yẹn ń sọ mí, síbẹ̀ mi ò lè dá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lẹ́bi. Ogun Bọ́mà parí ní 1945, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wálé, wọ́n sì ń rò ó díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi kú. Ogun náà jìnnà sí wa pẹ̀lú, ó kọjá òkun. Ogun tàwọn yìí ò tíì parí. Ìsinmi lásán ni wọ́n gbà wálé, wọ́n á padà lọ bá a. Kò sì jìnnà sí wa mọ́: ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkù, ní Kwara wa níbí. Bí ẹ bá bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ éà fọ́ọ̀sì náà pàdé nídìí igbá ẹran ní Ìpàtà, tí ẹ bi í pé báwo ni ogun, ẹ má retí ju "a dúpẹ́" lọ.