Ìrántí Coal Camp: Nígbà Tí A Ń Bó Rímù ní Enugu

Bí àwọn ọmọ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun ní Enugu, mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo ń bó rímù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, ẹni tó ń tún rímù alloy ṣe, ọ̀dà ló ń kùn. Ọ̀dà kíkùn ni ìpín tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà; ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbọ̀n lè kọ́ ọ. Bíbó gan-an ni iṣẹ́. Kí ọjọ́ tó lọ, mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń bó o, àti ìdí tí ọ̀gá mi fi gbà pé ẹni tí kò bó rímù kò gbọdọ̀ kùn ún.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù, tí wọ́n ń dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ láti fi ṣe ìkòkò. Ní 1975, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ná owó àfikún Udoji, ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá Rélùwéè ṣiṣẹ́ ní Enugu ránṣẹ́ pè mí. Mo gba Ọ̀rẹ̀ àti Benin, mo kọjá lórí afárá Onitsha, a dé 9th Mile, ọkọ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ ní Milliken Hill. Ẹni tí kò bá tíì gba òkè yẹn kò mọ ohun tí kọ́nà ń jẹ́. Apá kan jẹ́ òkè, apá kejì jẹ́ ọ̀gbun, dírẹ́bà kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Òórùn bíréèkì tó ń jó ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Enugu. N kò mọ̀ pé eruku bíréèkì òkè náà ni yóò máa bọ́ mi.

Coal Camp, ní Ogbete, ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Àgọ́ àwọn awakùsà ni látilẹ̀wá. Èédú tí wọ́n rí ní 1909 ló bí Enugu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1915, ọdún kejì sì ni ojú irin láti Port Harcourt débẹ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn mẹkáníìkì, pánẹ́ẹ̀lì bítà, rìwáyà àti àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ti ń gba àdúgbò náà mọ́ awakùsà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà wọn ṣì wà. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, wọ́n á máa sọ ti Iva Valley, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1949. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń húkọ́. Eruku èédú ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ọmọ Nnewi ni ọ̀gá mi. Wọn kì í ṣàlàyé ewu púpọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì kúrò lára rímù, wọ́n á kàn na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ baba kan tó ń húkọ́. Ọ̀rọ̀ tán. Omi ọṣẹ la máa fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú aṣọ tútù nímú. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé asbestos wà nínú páàdì bíréèkì ayé ìgbà yẹn.

Ngbati, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá, ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ilé ọ̀gá ni mo ń gbé, bí àwọn ọmọ ọjà Igbo ṣe máa ń ṣe; ìyàwó wọn ló ń bu oúnjẹ fún mi. Nílé wa, ọmọ iṣẹ́ ló ń san owó ìkọ́ṣẹ́, òun náà ló sì ń náwó fírídọ̀ọ̀mù bó bá parí. Níbẹ̀, ọ̀gá ló ń fún ẹni tó sìn ín tán ní owó tí yóò fi dá dúró. Ogun Biafra kò tíì parí ju ọdún márùn-ún lọ, èmi sì jẹ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọn kò fi yà mí sọ́tọ̀.

Irin ni rímù tó pọ̀ jù nígbà náà. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Òjó, l'Ékòó, ní 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn méjèèjì, irin tí wọ́n fi ìdérí dídán bò sì ni ẹsẹ̀ wọn. Rímù irin kì í dààmú ẹni. A ó rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi sódà, sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò, a ó fi sùn. Tó bá di ọ̀la, ọ̀dà ara rẹ̀ ti rọ̀. Fọ̀ ọ́, ha á, kùn ún.

Àwọn oníṣòwò ńlá ló kọ́kọ́ gbé rímù alumíníọ̀mù dé ọ̀dọ̀ wa, lára Mercedes W123 tí Jámánì gbé jáde ní 1976. Ilé-iṣẹ́ Otto Fuchs ní Meinerzhagen ló ń rọ àwọn rímù náà, àwọn kan náà tó ti ṣe ti Porsche 911 ní 1966. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun fún òyìnbó: Bugatti ti fi alumíníọ̀mù da ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìdíje rẹ̀, Type 35, láti 1924. Fún àwa ní Coal Camp, tuntun ni. Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ dé, ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé e, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù sódà. Mo figbe ta. Ní Ṣakí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọlọ́ṣẹ kì í po sódà nínú ìkòkò alumíníọ̀mù: á máa hó láìsí iná, á sì máa jẹ ara ìkòkò lọ. Ọ̀gá mi bu sódà díẹ̀, wọ́n ju ègé alumíníọ̀mù kan sínú rẹ̀, wọ́n dúró wò ó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ọ̀rọ̀ alloy, ìyẹn rímù alumíníọ̀mù, bá délẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pe Ngbati wá.

Ohun kejì tí mo mú wá láti ilé ni ọ̀rọ̀ iná. Irin á pọ́n kí ó tó yọ́. Á ti kìlọ̀ fún ẹ. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n lójú ọ̀sán. Bó ṣe wà ni yóò máa wà títí iná á fi dé nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí á sì yọ́ lójijì. Kí ó tó débẹ̀ pàápàá, agbára tí wọ́n fi ooru kọ́ sí i lára nílé-iṣẹ́ á ti tú. Nítorí náà a kì í fi iná jó ọ̀dà kúrò lára alloy, a kì í sì í gbà kí pánẹ́ẹ̀lì bítà yáná sí i kó lè nà án.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Fọ́gànáísà á kọ́kọ́ bọ́ táyà kúrò pátápátá. A ó yọ àwọn òjé tí wọ́n fi ń báláǹsì rẹ̀, nítorí abẹ́ wọn ni ìdíbàjẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa kẹ̀míkà tó ń bó ọ̀dà sí i lára. Láìpẹ́, ọ̀dà á hunjọ, á dìde. Igi tí a gbẹ́ pẹlẹbẹ la fi ń ha á. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, èèwọ̀ ni: ẹ̀rún irin á wọ ara alumíníọ̀mù tó rọ̀, á jókòó síbẹ̀, á dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Bí ara rẹ̀ bá hàn tán, ẹ ó rí ìlà funfun tó ń rìn kiri bí ipa ekòló, níbi tí omi ti gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé sábẹ́ klíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó bo ọ̀dà lójú. Gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ yọ. Sáńpépà 80 ló ń ṣáájú, 120 á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 240, a ó sì fi 400 àti omi parí rẹ̀. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, ìlà èyí tó fò á jáde lábẹ́ ọ̀dà sílífà.

Lọ́jọ́ kan náà tí a bá bó o tán la ń fín práímà sí i, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti kan alumíníọ̀mù ni awọ tín-ín-rín tuntun ń hù lára rẹ̀, ọ̀dà lásán kì í sì í di awọ yẹn mú. Òṣìṣẹ́ kan láti ANAMMCO, ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì Mercedes ní Emene ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ló jẹ́ ká mọ práímà tó ń jẹ ara alumíníọ̀mù díẹ̀ kó lè dì mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, a ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku pupa má bàa dìde; nígbà òjò, a ó dúró de oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, klíà á funfun. Ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, a kì í kùn ún nípọn. Ọ̀dà tó nípọn lábẹ́ nọ́ọ̀tì á fọ́ bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì tú.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí wà láàárín bíbó àti práímà. Wákàtí yẹn nìkan ni rímù wà níhòòhò, a sì gbọ́dọ̀ lò ó láti wò ó. Irin tó bá já sí kòtò á tẹ̀. Alloy á sán. Ẹ̀yìn ẹ̀ka rẹ̀ àti etí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tó ń kọjá kò lè rí, ló ti máa ń sán. Ọgbọ́n tí àwọn Rélùwéè fi ń yẹ ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ìdí ọkọ̀ ojú irin wò ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ wa. A ó fi kẹrosíìnì pa á lára, a ó jẹ́ kó wọ̀ ọ́, a ó nù ún gbẹ, a ó sì ku ẹfun sí i. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ á padà jáde, á fa ìlà sórí ẹfun. Kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Rímù tó bá ti sán, ọ̀gá mi kò ní kùn ún, iyekíye tí o bá gbé wá. Wọ́n á fi ìlà náà han olówó rẹ̀, wọ́n á bá a dúnàádúrà ní iye àlòkù, bó bá sì gbà, wọ́n á fi ayùn gé e sí méjì níwájú rẹ̀ kó má bàa padà sójú títì. Àwọn tó ń da ìkòkò la ń tà á fún. Ìkòkò tí ìyá yín fi ń se ọbẹ̀, ó lè ti sọ̀ kalẹ̀ ní Milliken Hill rí.

Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, náírà já, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú, Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Iṣẹ́ wa pọ̀ gan-an. Àwọn rímù náà ti gbó kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu: wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nílẹ̀ òyìnbó nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ ọ̀hún sì ti jẹ wọ́n lábẹ́ klíà. Ìgbà náà ni iṣẹ́ kíákíá bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan fi ìbínú gba rímù mẹ́rin rẹ̀ lọ́wọ́ wa nítorí a ní ọ̀kan ti sán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo rí i tó ń kọjá lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán. Wọn kò tilẹ̀ bọ́ táyà kí wọ́n tó fín ọ̀dà. Bébà ni wọ́n fi bò ó.

Irinṣẹ́ òde òní dára ju tiwa lọ. Ọ̀dà oníyẹ̀fun wà, tí wọ́n ń yan mọ́ rímù nínú ààrò ní ìwọ̀n bí 200 lórí Celsius. Ẹ̀rọ wà tó ń fá ojú rímù kó lè máa kọ mọ̀nà. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀dà tó ṣáájú ojú. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra rímù àlòkù, ní Coal Camp ni o, ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni o, ẹ gbé e sókè, ẹ fi igi lù ú: èyí tó pé á dún gooro, ohùn èyí tó sán á kú. Ẹ yí i dojú délẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, nítorí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń rà. Èyí tí wọ́n ti kùn kó tó dé ọjà ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, ta ló bó o, kí ló sì rí?