Iṣẹ́ abẹ ìsanra àti àìsàn ṣúgà: ta ló yẹ ká náwó lé lórí?

Láti ìgbà tí Real Warri Pikin, aláwàdà wa, ti sọ ní gbangba pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ gastric bypass láti dín sísanra kù, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ugbolokposo níbí mọ́. Àwọn kan ní oge ni, àwọn kan ní ìlera ni. Èmi, ọ̀rọ̀ ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ló kàn mí, torí ó ti wọ ilé mi.

Símẹ́ǹtì ni mo ń tà. Àtọ̀gbẹ mi ti pé ọdún 13, ọdún kẹrin sì rèé tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ insulin. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Sapele náà ní i, ṣùgbọ́n tiẹ̀ kò tíì ju ọdún 2 lọ, oògùn oníhóró ló sì ń lò. Àwa méjèèjì la sanra, àmọ́ tiẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ọmọ mi tó wà ní Houston wá pè, ó ní, "Bàbá mi, mo ti tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ yẹn, ẹ lọ ṣe é." Owó ẹnì kan ló wà ńlẹ̀ o, kì í ṣe ti ẹni méjì. Gbogbo ẹbí ní èmi tí mo jẹ́ àgbà ló tọ́ sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè ná.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1995, Dókítà Walter Pories àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Greenville, North Carolina, l'Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde. Nínú alátọ̀gbẹ 146 tí wọ́n ṣe gastric bypass fún, tí wọ́n sì rí tọ́pa lẹ́yìn rẹ̀, ṣúgà ẹni 121 padà sí bó ṣe yẹ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ṣúgà ọ̀pọ̀ wọn ti ń wálẹ̀, kí sísanra tó dínkù rárá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á ya apá kékeré sọ́tọ̀ lára àpòlúkù, bí ẹyin adìyẹ báyìí, wọ́n á so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀. Oúnjẹ ò ní gba inú àpòlúkù tó kù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun mọ́. Bó bá ti tètè dé ìsàlẹ̀, ìfun á tú hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-1 jáde. Òun ló ń sọ fún pancreas, ẹ̀yà ara tó ń pèsè insulin, pé kó ṣiṣẹ́, òun náà ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Abẹ́rẹ́ Ozempic táyé ń pariwo, iṣẹ́ hòmóònù yìí ló ń fara wé. Bí oúnjẹ sì ti kéré, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ á dínkù, ẹ̀dọ̀ ò ní máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹ wo ọmọ tó ń ru símẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lónìí, tí a dín ẹrù rẹ̀ kù, agbára rẹ̀ á padà. Ẹni tó ti ń ru àrùjù fún ọdún 13 ńkọ́? Ẹ dín in kù fún un, á mí díẹ̀ ni, kò lè dà bí ọ̀dọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni pancreas rí. Ní Cleveland, l'Amẹ́ríkà, wọ́n pín alátọ̀gbẹ 150 sí ọ̀nà 3, àbọ̀ ọdún 5 rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n ń wò ó bóyá HbA1c wọn, ìyẹn ṣúgà bí oṣù mẹ́ta, kò ní ju 6.0 lọ. Ìdá 29 nínú 100 àwọn tó ṣe bypass ló débẹ̀. Àwọn tó ṣe sleeve, èyí tí wọ́n ń gé púpọ̀ nínú àpòlúkù sọnù, jẹ́ 23. Àwọn tó lo oògùn nìkan jẹ́ 5 péré. Àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì pé ọdún 8 ló sì jèrè jù.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ṣúgà lè padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, iṣẹ́ abẹ yìí kì í mú un lọ. Ẹni tó bá ṣe é tó ń lo iye insulin tàbí oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó máa dákú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín in kù. Ohun mímu dídùn lè mú kéèyàn máa làágùn, kí àyà rẹ̀ sì máa já. Ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, vitamin B12, iron àti calcium ò lópin, títí ọjọ́ ayé ni. Torí náà, ẹni tó bá lọ ṣe é ní Èkó tàbí lókè òkun gbọ́dọ̀ ti mọ dókítà tí yóò máa bójú tó o nílé níbí.

Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Scotland àti àríwá England fi oúnjẹ díẹ̀ tí wọ́n wọ̀n tọ́jú àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún 6 lọ, tí wọn ò sì lo insulin. Lẹ́yìn ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó bọ́ lọ́wọ́ ṣúgà láìlo oògùn. Wọn ò fi ọ̀bẹ kàn wọ́n o. Àmọ́ ẹ má dá a ṣe, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ sí i.

Mo ti sọ fún ẹbí pé kí wọ́n fi owó yẹn tọ́jú àbúrò mi. Bàbá wa kan bínú, ó ní, "Ṣé a ó fi owó àgbà tọ́jú ọmọdé ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àìsàn yìí ò mọ àgbà. Níbi tó ti lè ṣiṣẹ́ jù la máa ná an sí." Ọmọ mi ti gbà. Àbúrò mi lẹ̀rù ṣì ń bà. Kò tíì sí ẹni tó gé ohunkóhun; a máa kọ́kọ́ lọ rí dókítà ṣúgà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Oghara, èmi àti òun.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní òkè òkun bá fẹ́ fi irú owó yìí ránṣẹ́, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó gbà á: ọdún mélòó ni ṣúgà yín ti wà? Ṣé ẹ ti ń gún insulin? Ta ni yóò máa tọ́jú yín lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe é láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Àbúrò mi máa ka ohun tí ẹ bá kọ. Ire o.