Abẹ́rẹ́ tí mo kéde kó tó dé

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń wo rheumatoid arthritis, èyí tí àwa ń pè ní làkúrègbé, ti jáde ní Australia. Mo kà á sókè nípàdé àdúrà, mo ní, "Ìdáhùn ti dé!" Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Mi ò mọ̀ pé ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí àìsàn yìí ti ń bá fínra fún ọdún mẹ́fà, délé, ó pa methotrexate tí dókítà ní kó máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tì. Ó ní òun ń dúró de abẹ́rẹ́ Pásítọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìka ẹ̀ wú, kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara ẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Pásítọ̀, ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ yẹn ń bọ̀?" Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí. Òótọ́ ni iṣẹ́ náà o. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun inú ara wa ló ń gbógun ti oríkèé. Ní University of Queensland, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ranjeny Thomas àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n tún sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ṣe, wọ́n sì gún un padà sí i lára, kí ọmọ ogun lè mọ̀ pé ará ilé ni oríkèé. Àmọ́ nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2015, èèyàn 18 péré ló gba abẹ́rẹ́ náà. Bóyá kò ní ṣe wọ́n ní jàǹbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Kò ṣe wọ́n ní jàǹbá, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì di ìwòsàn.

Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo ẹ̀. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe orogún.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá wa níwájú ìjọ. Wọ́n ti padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ti ń lo oògùn wọn. Ìka méjì ò tíì nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn yín tì nítorí ohun tí pásítọ̀ kà lórí fóònù, kódà bó bá jẹ́ èmi. Olúwa á wo yín sàn. Àmín.