Abẹ́rẹ́ Tí Kò Tẹrí Ba

Láti inú àṣìṣe tiwa ni ìtàn tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ físíìsì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pénéssoulou. Ní àsìkò ọyẹ́ kan, a ní kí olúkúlùkù wọn mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan, kí ó fi òòfà fà á lára léraléra títí tí òun náà yóò fi di òòfà, kí ó sì fi fọ́nrán òwú so ó kọ́ ní agbedeméjì. A ní kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn bá rí. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa, tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àwòrán kan fi hàn pé orí abẹ́rẹ́ tí ó kọjú sí àríwá a máa tẹ̀ wá sílẹ̀ gidigidi, bí ẹni tí ń wá ohun tí ó sọnù.

Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: “Abẹ́rẹ́ mi kò tẹ̀ síbì kankan. Ó tẹ́jú.” A fún un ní òdo. A sì kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé kí ó lọ ka ìwé rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ó wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un ṣe nílé. Bákan náà ni ó ń rí.” A kò dá a lóhùn dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a so abẹ́rẹ́ tiwa kọ́ nínú yàrá. Ó tẹ́jú.

Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ òkè àríwá ni abẹ́rẹ́ ń dorí kọ ilẹ̀; ní Paris, ìtẹ̀sílẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí dígíríì 64. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí ó yí ayé ká, tí abẹ́rẹ́ kì í tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìlà agbedeméjì òòfà. Ìlà yìí kò bá ìlà agbedeméjì ayé dọ́gba. Apá àríwá orílẹ̀-èdè wa ni ó gbà kọjá, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Pénéssoulou. Ìtẹ̀ díẹ̀ tí ó kù níhìn-ín kò tó ohun tí ojú lásán lè rí lára abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Òtítọ́ ibi tí ọmọ náà dúró sí ni ó kọ. Òtítọ́ ibòmíràn ni àwa fi dá a lẹ́jọ́.

Bí a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ni a bá ara wa nínú ìtàn ìjì oòrùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1859, Richard Carrington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń fi awò ṣọ́ oòrùn, rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan tí ó bù yẹ̀rì lójú oòrùn. Ní nǹkan bí wákàtí 17 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ òòfà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n káàkiri ayé, wáyà tẹligíráàmù sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Kí ni ó gbé ìbínú oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa? Kristian Birkeland, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, so bọ́ọ̀lù kan tí ó jẹ́ òòfà kọ́ sínú àpótí gíláàsì tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó rán iná mànàmáná sí i, ìmọ́lẹ̀ sì yọ ní ẹ̀bá orí rẹ̀ méjèèjì, bí irú èyí tí ń jó lójú ọ̀run òru ní àwọn ilẹ̀ òtútù. Ní ọdún 1951, Ludwig Biermann ti ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé pé ohun kan tí ń tú jáde láti ara oòrùn ni ó ń ti ìrù ìràwọ̀ onírù sẹ́yìn, bí afẹ́fẹ́ ti ń ti èéfín.

Ní ọdún 1958, Eugene Parker ní Yunifásítì Chicago ṣe ìṣirò kan, ó sì fi hàn pé ooru oòrùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó yí i ká kò lè dúró sójú kan. Dandan ni kí ó máa fẹ́ jáde, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó pè é ní afẹ́fẹ́ oòrùn. Àwọn onímọ̀ méjì tí a fún ní ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò kọ̀ ọ́. Parker sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú wọn ní kí òun lọ sí ilé ìkówèésí, kí òun kọ́kọ́ kàwé. Nígbà tí a ka èyí, ojú tì wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kọ sí etí ìwé ọmọ wa gan-an ni. Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà, kò fẹ́ràn èrò Parker, ṣùgbọ́n kò rí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún 1962, ọkọ̀ òfuurufú Mariner 2 wọn afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀nà rẹ̀: ó ń fẹ́ láìsinmi.

Ẹ má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni iṣẹ́ yìí ti wáyé. Láti oṣù keje ọdún 1957 títí di òpin ọdún 1958, àwọn onímọ̀ jákèjádò ayé fi ohùn ṣọ̀kan láti wo ilẹ̀ àti òfuurufú pọ̀. Ìbàdàn wà lára wọn, nítorí pé níbẹ̀ náà abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ní yunifásítì ibẹ̀ ni Cyril Agodi Onwumechili ti ṣe ìwádìí, ẹni tí ó wá di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1979 sí 1982. Láàárín ọdún 1992 sí 1994 ẹ̀wẹ̀, a to ibùdó ìwọ̀n 10 sílẹ̀ láti Lamto ní Côte d'Ivoire dé Tombouctou ní Màlì. Korhogo, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Pénéssoulou wa dọ́gba lórí máàpù.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni odò iná mànàmáná kan tí ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn lójú ọ̀sán, lókè orí wa ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti tẹ́jú ni ó ti lágbára jù. Bí ìjì oòrùn bá kọlu òkè ayé, kì í pẹ́ tí odò yìí yóò fi mì. Ohun tí ó bá ojú, á bá imú. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná mọ́ mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn lórí ní Québec fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, òmíràn da GPS rú débi pé àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà dá ìgbìn dúró. Àwa tí a ti ń fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ oko kajú wa, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a gba ìwé ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì. A fagi lé òdo, a kọ ogún nínú ogún, a sì sọ pé àwa ni a ṣìnà. Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu wa ni a fi ń pa òwe yìí tẹ́lẹ̀, a kò tíì san owó rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní Cotonou, ní Lomé, ní Paris, ẹ jọ̀wọ́, ẹ so abẹ́rẹ́ kan kọ́ nílé yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Pénéssoulou. Ẹ má kọ́kọ́ ṣí ìwé. Abẹ́rẹ́ tiwa ṣì wà lójú fèrèsé kíláàsì. Ó tẹ́jú, ó kọjú sí ọ̀nà Djougou.