Ọbẹ̀ Tí Màmá Ní Kò Níyọ̀

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo máa ń kọ sórí ògiri yìí. Tòní yàtọ̀. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Government ní kí a fi bí àwọn ìjọba kan ṣe kojú àrùn Kòrónà wé ara wọn. Mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá lásán ni. Àfi bí mo ṣe ń kà á tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa wà nínú ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 2020. Agége là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó kọjú síra, tí gbogbo wa jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Ọjọ́ 27, oṣù Kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn yìí ní Nàìjíríà múlẹ̀, ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí Ewékorò. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Kò sí ilé-ìwé, kò sí pé à ń jí ní aago márùn-ún.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ara Màmá, ìyá bàbá mi, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Gbogbo ilé ní ibà ni. Wọ́n se agbo fún wọn. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n ní kò níyọ̀. Mọ́mì fi iyọ̀ sí i. Màmá tún tọ́ ọ wò: kò níyọ̀. Mọ́mì tún fi sí i, títí ọbẹ̀ náà fi korò lẹ́nu àwa yòókù. Màmá ní, "Ìyàwó, ṣé iyọ̀ ti wọ́n tó báyìí lọ́jà ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé àrùn náà lè gba ìtọ́wò lẹ́nu èèyàn.

Lọ́sẹ̀ yẹn làwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí kan tó wọ ìbòmú bi mí pé, "Ọmọ dáadáa, ṣé ẹnikẹ́ni wà nílé yín tí ara rẹ̀ ń gbóná tàbí tó ń wúkọ́?" Mọ́mì ti kìlọ̀ fún wa sílẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá gbé èèyàn lọ, kì í padà wá, àti pé àwọn ará ilé á lé wa síta. Mo dáhùn pé, "Rárá mà, kò sí." Àǹtí náà kọ ọ́ sínú ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n sì lọ.

Ara Màmá yá. Ṣùgbọ́n Bàbá Onílé, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, tí àwọn àti Màmá jọ máa ń tàkúrọ̀sọ ní ìrọ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Oṣù Karùn-ún kò parí tí wọ́n fi kú. Wọ́n ní àìsàn àgbà ni. Kò sí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo kọ́kọ́ mú Kòríà ti Gúúsù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì rí ẹni àkọ́kọ́ tiwọn, nínú oṣù Kìíní 2020. Àlejò kan náà ló kan ilẹ̀kùn àwọn méjèèjì. Àmọ́ Kòríà ti jìyà rí. Ní 2015, àrùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní MERS pa èèyàn 38 níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún òfin wọn ṣe, kí wọ́n lè tètè fọwọ́ sí ohun èlò àyẹ̀wò tuntun tí àjálù bá dé. Nítorí náà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní 2020, tí wọn ò tíì rí ju èèyàn mẹ́rin tó ní Kòrónà lọ, àwọn aláṣẹ wọn ti pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò àyẹ̀wò jọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Seoul, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹta, wọ́n ti yẹ èèyàn tó lé ní 200,000 wò. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Amẹ́ríkà lówó ju Kòríà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun èlò àyẹ̀wò tí ìjọba wọn kọ́kọ́ pín ní àbùkù. Gbogbo oṣù Kejì ni àrùn fi ń rìn láàárín wọn láìjẹ́ pé wọ́n rí i.

Mo wá ka ti Tànsáníà. Nígbà tí iye wọn dé 509, ìjọba dáwọ́ kíkéde rẹ̀ dúró. Ààrẹ wọn nígbà náà, John Magufuli, sọ pé àwọn fi omi ara ewúrẹ́ àti ti ìbẹ́pẹ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò pẹ̀lú orúkọ èèyàn, èsì sì jáde pé wọ́n ní Kòrónà. Ó ní àyẹ̀wò gan-an ló ní wàhálà. Ó kú ní oṣù Kẹta 2021. Samia Suluhu Hassan tó gbapò rẹ̀ yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ yẹn. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Kí lèmi náà ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa? Èmi náà dá iye dúró. Odo ni Àǹtí yẹn kọ fún ilé wa, odo náà kì í sì í ṣe òótọ́.

Nígbà tí a jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì, àwọn kan ní owó ló fà á, pé orílẹ̀-èdè tálákà ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbà. Ààrẹ Talon ti ilẹ̀ Benin sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ gbangba pé àwọn ò lówó tí wọ́n lè fi ti gbogbo ìlú pa, wọ́n wá fi ìdènà yí àwọn ìlú kan ká ní gúúsù. Gánà ti Àkírà àti Kùmásí pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Nígbà tí ohun èlò àyẹ̀wò wọn ò tó, wọ́n ń da omi ara èèyàn mélòó kan pọ̀ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Tó bá mọ́, gbogbo wọn ló mọ́. Tí kò bá mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ẹni tí kò lówó nìyẹn.

Àwa náà ò ya ọ̀lẹ. Ní 2014, Ebola wọ Èkó. Ogún èèyàn péré ló ràn, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh wà lára wọn, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń wá gbogbo ẹni tí aláìsàn bá fọwọ́ kàn. Ní 2020 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ wa, títí kan àwọn tó wà ní Yunifásítì Redeemer's l'Édẹ, ló kọ́kọ́ tú àṣírí bí ara kòkòrò Kòrónà ṣe rí ní gbogbo Áfíríkà. Àmọ́ ilé àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀rẹ̀ kò ju èyí téèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ, fún wa tí a lé ní igba mílíọ̀nù.

Ohun tí mo wá rí ni pé owó nìkan kọ́ ló yàtọ̀. Ìjọba kan fẹ́ mọ̀, òmíràn ò fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ mọ̀ gan-an, ẹnu wa ló máa gbọ́ ọ. Èèyàn ò sì ní sọ tí ẹ̀rù bá ń bà á. Tí wọ́n bá gbé Màmá lọ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ta ló máa fún wa lóúnjẹ? Ta ló máa sọ fáwọn ará ilé pé kí wọ́n má lé wa? Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn ìyẹn nígbà náà. Ọwọ́ ìjọba ni apá yẹn wà. Irọ́ tí mo pa, ọwọ́ tèmi ló wà.

Mo bi Mọ́mì léèrè lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Ìwọ kọ́, èmi ni." Mi ò lè sọ pé ilé wa ni àrùn ti ràn Bàbá Onílé. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ilé wa. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí àyẹ̀wò ni ì bá sọ ọ́ fún wa. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá ti yẹra fún yàrá wa nígbà yẹn.

Màmá ṣì wà o, wọ́n ṣì ń sọ pé Mọ́mì fi iyọ̀ dù wọ́n lọ́dún yẹn. Mi ò gbàdúrà kí irú ẹ̀ tún dé. Tó bá wá dé, tí Àǹtí yẹn bá tún kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú ìwé ọwọ́ wọn, mo mọ ohun tí màá sọ: "Ẹ wọlé mà. Màmá wa ni, wọ́n wà nínú yàrá."